Títì Tó Lọ sí Mbari

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ oníròyìn, sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní Òmù-Àrán.)

  

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa akọ̀wé pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, mo bi wọ́n pé lórí kí ni. Wọ́n ní, "Ohun tó bá ti wù ọ́, àbúrò, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má gbé ti òṣèlú wá o." Mo ní kò burú, sà, àwòrán kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àwòrán ta ni?" Èmi náà dákẹ́, torí kì í ṣe àwòrán ẹnì kan. Àwòrán ọjà ni. Ará Amẹ́ríkà ló yà á, ilẹ̀ wa níbí ló ti rí ohun tó yà, Washington ló sì wà báyìí.

Orúkọ àwòrán náà lédè òyìnbó ni Street to Mbari, ìyẹn ni títì tó lọ sí Mbari. Jacob Lawrence ló yà á ní 1964. Ó di ti National Gallery of Art ní Washington ní 1993, nígbà tí tọkọtaya kan fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kò tóbi tó bí ẹ ṣe lè rò. Láti òsì sí ọ̀tún, ó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 78. Gíga rẹ̀ jẹ́ bíi 56. Orí pépà ló yà á sí. Pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ fi tò ó, kó tó fi ọ̀dà olómi lé e. N kò tí ì dé Washington rí. Inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ní ọ́fíìsì wa, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iná lọ tí kò sí ohun tí a lè ṣe.

Lójú kan náà ni mo mọ irú ibi tó jẹ́. Títì tóóró kan là á já láàrin ìsọ̀ ọ̀tún àti ìsọ̀ òsì. Páànù orí ìsọ̀ ń na igun síra wọn. Aṣọ wà nílẹ̀, aṣọ wà lókè, òmíràn wà ní kíká bí ẹni ká ẹní. Àwọn obìnrin gbé ẹrù karí, wọ́n pọn ọmọ. Àyè tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ sí gan-an kò sí. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ohun tó kù kò ju ìlà, igun mẹ́ta, igun mẹ́rin, pupa, yẹ́lò, búlúù àti dúdú lọ. Bí ẹ bá ṣí ọwọ́ kúrò, ọjà ti dé, ariwo ti sọ. Ìyá tó bí mi ta aṣọ lọ́jà fún ogún ọdún. Ìdí ìsọ̀ wọn ni mo ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi. N kò rò ó rí pé ẹnì kan lè ti Amẹ́ríkà wá dúró síwájú irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa wò ó bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá láti kékeré.

Ta wá ni Jacob Lawrence? Aláwọ̀ dúdú ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1917, ní Atlantic City. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Ìyá kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Philadelphia, ó bá iṣẹ́ lọ sí New York. Jacob ti tó bí ọmọ ọdún 13 kí ìyá tó rí ibi kó wọn wá ní Harlem, àdúgbò àwọn èèyàn dúdú. Ẹ̀rù ń ba ìyá yìí kí ọmọ má bàa bá àwọn ọmọ ìta lọ. Ló bá fi í sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Utopia Children's House, níbi tí àwọn ọmọ ń lọ bí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Charles Alston ti rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi wo ibí yìí. Kí ni ọmọ náà ń yà? Kò ya ènìyàn, kò ya ẹṣin. Bátànì ara kápẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ tẹ́ sílé ló ń yà: ìlà, igun, àwọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Alston kò gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún un pé kó ya ìkòkò òdòdó. Ó wá pépà àti ọ̀dà fún un, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣe tirẹ̀. Olùkọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́, ó ṣọ̀wọ́n. (Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú, mo ń bọ̀ wá sórí tèmi láìpẹ́.)

Ọmọ náà kò parí ilé-ìwé gíga. Àsìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ni. Ó ṣe iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, ó ṣe iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Ìjọba wá gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń sanwó oṣù fún àwọn ayàwòrán bí wọ́n ṣe ń san án fún àwọn tó ń ṣe títì. Obìnrin agbẹ́gilére kan ní Harlem, Augusta Savage, fa Jacob lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kò tíì dàgbà tó. Ó dá a padà sílé. Ọdún kan kọjá. Jacob ti gbàgbé. Savage kò gbàgbé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 21, ó tún fà á lọ, wọ́n sì gbà á: bíi dọ́là 24 lọ́sẹ̀. Lawrence fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé bí kì í bá ṣe ti obìnrin yẹn, bóyá òun kì bá tí di ayàwòrán rárá.

Ibi ìkówèésí ní Harlem ni ó ń lọ jókòó sí, tó ń ka ìtàn. Èyí dùn mọ́ èmi oníròyìn nínú. Ó ka ìtàn Toussaint L'Ouverture, ẹni tí wọ́n bí sínú ẹrú, tó ṣáájú àwọn ẹrú gba ara wọn ní Haiti. Ó rí i pé àwòrán kan ṣoṣo kò lè gba ìtàn náà, ló bá ya 41. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá mú iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: ìtàn àwọn èèyàn dúdú tó fi gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ nítorí ìyà, tí wọ́n wọ rélùwéè lọ sí àríwá. Àwòrán 60 ni, ó parí wọn ní 1941, ọmọ ọdún 23. Gwendolyn Knight, ayàwòrán bíi tirẹ̀, tí wọ́n bí ní Barbados, bá a kun gbogbo pátákó náà ní ẹfun, ọdún yẹn náà ló sì fẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ bó ṣe yà wọ́n: kò ya ọ̀kan tán kó tó mú èkejì. Ó tẹ́ gbogbo 60 sílẹ̀, ó mú dúdú, ó fi kan gbogbo ibi tí dúdú yóò dé lára gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló mú àwọ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí pupa inú ti àkọ́kọ́ fi jẹ́ pupa inú ti ìkẹyìn. Ilé àfihàn méjì ló pín wọn rà: Museum of Modern Art ní New York kó àwọn tó ní nọ́ńbà méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, Phillips Collection ní Washington kó ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún. Ẹ̀yin tí bàbá yín wà lára àwọn tí Gana lé padà wálé ní 1969, bí ẹ bá rí àwòrán kìíní, tí èrò kún ibùdókọ̀ rélùwéè fọ́fọ́, ẹ̀yin náà á mọ ohun tí ẹ̀ ń wò.

Ó dáa. Lẹ́yìn ogun Hitler, ayé yí padà ní New York. Àwọn ayàwòrán kan dìde tí wọ́n ní àwọn kò ní ya ohunkóhun tí ojú mọ̀ mọ́. Abstract ni wọ́n ń pè é. Jackson Pollock tẹ́ aṣọ àwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rìn yí i ká, ó ń ta ọ̀dà sí i bí ẹni ń wọ́n omi sí agbo ilé. Mark Rothko fi ọ̀dà elépo kun aṣọ tó ga ju ènìyàn lọ: pupa lókè, pupa míràn nísàlẹ̀, ó parí. Àwọn ìwé ìròyìn gbé wọn, owó tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá ṣì ń ya ènìyàn nígbà náà, ojú ará oko ni wọ́n fi ń wò ó.

Aláwọ̀ dúdú kan wà nínú wọn, tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Norman Lewis lorúkọ rẹ̀, ará Harlem kan náà, ọdún mẹ́jọ ló fi ju Lawrence lọ. Òun náà ti ya àwọn tálákà níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó sọ pé yíya ìyà kò mú ìyà kúrò, ó bá yí sí abstract. Ní 1955, àwòrán ọ̀dà elépo rẹ̀ kan, Migrating Birds, ọ̀wọ́ àmì kéékèèké tó ń ṣàn bí ẹyẹ tó ń ṣí kiri, gba ẹ̀bùn tí àwọn òǹwòran dìbò fún níbi àfihàn ńlá Carnegie ní Pittsburgh. Ẹ ó rò pé ó ti là nìyẹn. Kò là. Àwọn aláwọ̀ funfun ń wá ìtàn dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò rí i. Àwọn dúdú ń béèrè pé kí ni ìlà yìí ṣe fún wa. Ó kú ní 1979. Ó di 2015 kí ilé àfihàn ńlá kan, ní Philadelphia, tó kó iṣẹ́ ayé rẹ̀ jọ pọ̀ bó ṣe yẹ.

Lawrence ní tirẹ̀ kò bá wọn lọ, kò sì bá wọn jà. Ó ń ya ènìyàn rẹ̀ nìṣó, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń yà wọ́n: ojú kò ní òjìji, ara jẹ́ igun, apá gùn, ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé dàbí aṣọ tí wọ́n gé rán. Bí abstract bá jẹ́ ọgbọ́n fífi ìlà àti àwọ̀ sọ̀rọ̀, láti ara kápẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n.

Àti pé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa wo ni wọ́n ń kọ́ ní abstract? Ìyá Òmù-Àrán tó jókòó sídìí òfì, tó ń fi ìlà tínrín ti ìlà fífẹ̀, kí ló ń yà? Ilà ojú bàbá wa àgbà, ènìyàn wo ló fara jọ? Nígbà tí egúngún bá jáde, tí abala aṣọ onírúurú bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, pupa gba ara dúdú kọjá, ta ni ó ń béèrè pé "Àwòrán ta nìyí?" A mọ̀ pé ó dára, a sì ń sá fún un. Àwọn ère Èsìẹ́, tí kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí, lé ní 1,000, òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ìtàn ìlú sì sọ pé àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. 1933 ni ìròyìn wọn dé etí àwọn òyìnbó, 1945 ni wọ́n kọ́ ilé fún wọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ lọ wo irun orí wọn dáadáa. Ẹni tó gbẹ́ ìlà dídì wọ̀nyẹn mọ̀ pé ìlà lásán lè mú ènìyàn dúró.

Báwo wá ni Lawrence ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ní 1961, ní Ìbàdàn, Ulli Beier àti àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé bíi Wole Soyinka, Christopher Okigbo, J.P. Clark àti Chinua Achebe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Mbari. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni, ilé tí wọ́n ń mọ ère sí fún òrìṣà ilẹ̀. Wọ́n ń ṣe eré níbẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń gbé àwòrán kọ́, wọ́n sì ń mu ọtí pẹ̀lú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Duro Ladipo dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ "Mbari", wọ́n yí i sí ti Yorùbá: Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Ibẹ̀ ni Muraina Oyelami, Jimoh Buraimoh, Twins Seven-Seven àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti yọ. Àwọn kan nínú wọn kò di ọ̀dà mú rí tẹ́lẹ̀.

Ní 1962, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan, tó ní ọ́fíìsì ní Èkó, kó àwọn àwòrán Lawrence wá ṣe àfihàn ní Èkó àti Ìbàdàn, òun náà sì bá wọn wá. Kò pẹ́ rárá tó fi lọ, ṣùgbọ́n ohun tó rí kò jẹ́ kó sinmi. Ó padà wá ní 1964 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Ọdún wo nìyẹn? Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n. Ní oṣù Kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìbò ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, ìjà ti ń rú. Bí èmi bá wà níbẹ̀ nígbà náà, ìyẹn ni mo máa kọ. Lawrence kò ya ọ̀kan nínú wọn. Ó ya ọjà. Ó ya àwọn alápatà, ó ya àgùntàn, ó ya àkùkọ, ó ya ère wa àtijọ́. Mo kọ́kọ́ bínú sí i. Mo ní ọkùnrin tó ya Toussaint, báwo ló ṣe máa wà ní Ìbàdàn ní 1964 tí yóò máa ya àkùkọ? Inú mi rọ̀ nígbà tó yá. Ẹni tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ kúrò nílẹ̀ yìí, tó padà wá bá ọjà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò lé ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn gan-an jẹ́ ìròyìn tó tóbi jù lójú tirẹ̀.

Àkọ̀wé, ẹ dárí jì mí, òṣèlú díẹ̀ ń bọ̀. Ní 1966 àti 1967, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú àṣírí kan: owó CIA, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ inú ẹgbẹ́ tó gbé Lawrence wá. Irú owó kan náà ti gba ọwọ́ àjọ míràn dé ọ̀dọ̀ Mbari ní Ìbàdàn láìjẹ́ pé àwọn òǹkọ̀wé wa mọ̀. Ohun tí Amẹ́ríkà fẹ́ ni kí ọkàn àwọn ọ̀mọ̀wé Áfíríkà má bàa yí sí Rọ́ṣíà. Àwọn abstract ìgbà náà pàápàá, wọ́n gbé wọn kiri ayé láti fi hàn pé Amẹ́ríkà ni ilé òmìnira. Ṣé àwòrán náà wá bàjẹ́ ni? Lójú tèmi, rárá. Amí sanwó ọkọ̀, ayàwòrán lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàrin àwọn ọdún 1960 kan náà tí Lawrence ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ẹnì kan ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Ìgbómìnà bíi tiwa, ààlà ìpínlẹ̀ nìkan ló là wá. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí. Ó tún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Arówóògùn ará Òsì, níbi iṣẹ́ tí Fáàdá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ó gbé àáké àti ọ̀bẹ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń gbẹ́gi níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ilé-ìwé gíga wọn sì gbà á lálejò. Ère Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó kú ní 2009. Mo máa ń rò ó pé ọkùnrin méjì yìí pàdé ara wọn lórí òkun, ọ̀kan ń bọ̀ wá wo ohun tí a ní, èkejì ń gbé e lọ fi hàn wọ́n.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ṣáájú wa, ẹ rántí yàrá iṣẹ́ ọnà tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí a dé JS kìíní, olùkọ́ kan ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílùú míràn, ẹnikẹ́ni kò rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń kó àga tó ti kán síbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan pinnu pé ká má ṣe iṣẹ́ ọnà mọ́. Ó kàn bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní dá a. Ọmọ yìí kì í gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀, pẹ́ńsù ló ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ya olùkọ́ bí àwa yòókù ṣe ń yà wọ́n pẹ̀lú ikùn ńlá. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, òrùlé ìlú ló ń yà: páànù tó ti dípẹtà, páànù tuntun, igun wọn bí wọ́n ṣe ń wọ inú ara wọn. Kò sí ènìyàn níbẹ̀ rárá. Èmi ni olórí kíláàsì. Ní ọjọ́ kan ní àárín ìṣirò, mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn aláriwo. Kò pariwo o. Inú ló ń bí mi pé ó ń ṣe ohun tí kò yé mi. Olùkọ́ gbé ìwé rẹ̀ sókè kí gbogbo wa rí i, ó bi í pé, "Kí lèyí?" Ó ní, "Òrùlé ni, sà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló ga jù. Wọ́n nà án mẹ́fà, wọ́n sì fa ìwé náà ya.

N kò rí i kó yàwòrán mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìlọrin ló wà báyìí, iṣẹ́ kíkun mọ́tò ló ń ṣe. Àwọn tó mọṣẹ́ yẹn sọ fún mi pé bí mọ́tò yín bá ha, ó lè fi ojú lásán po àwọ̀ rẹ̀ padà láìwo ìwé kankan, ẹ ò sì ní mọ ibi tó kùn. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní oṣù Kejì tó kọjá. Mo tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. Lẹ́yìn ìgbà tó fọwọ́ tán, láìjẹ́ pé mo bi í, ó ní, "Èyí tí wọ́n fà ya kọ́ ló dára jù. Èyí tó dára jù wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó lọ yẹn, ó ní kó máa wà nínú yàrá òun."

Ó rán mi létí ìròyìn kan. Láàrin 1954 sí 1956, Lawrence ya àwòrán 30 lórí ìtàn bí Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tà wọ́n káàkiri, àwọn kan sọnù, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2020, wọ́n ṣe àfihàn àwọn tó kù ní New York, wọ́n fi àyè sílẹ̀ lára ògiri fún àwọn tó sọnù. Ẹnì kan tó lọ wòran rántí pé òun ti rí irú rẹ̀ nílé aládùúgbò òun. Òun ni lóòótọ́! Ìròyìn náà dé etí nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò kan náà, ó gbójú sókè wo ògiri yàrá ìjẹun rẹ̀, ọ̀kan tún wà níbẹ̀. Wọn kò jìnnà sí ilé àfihàn náà rárá.

Nítorí náà mo tọrọ kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ méjì gbáko kí wọ́n tó rí i, odindi wákàtí kan kí ó tó ṣí. Òjò ti gba páànù mẹ́sàn-án wọlé. Lẹ́yìn àwọn àga tó ti kán, kọ́bọ́ọ̀dù irin kan wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ gbẹ. Pépà ńláńlá lé ní 40 ni mo bá nínú rẹ̀, iṣẹ́ àwọn ọmọ láti ọdún gbọọrọ. Orúkọ àwọn kan tó jókòó síwájú mi yìí wà lẹ́yìn wọn. Alága, ẹ ya ìgbá ẹ̀mu kan nígbà tẹ́ ẹ wà ní fọ́ọ̀mù kejì. Kò burú, sà, àmọ́ ó tẹ̀.

Lọ́la, a ó dìbò lórí owó tí a dá. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ́ géètì tuntun. Mo ti rí àwòrán géètì náà, ó dára, orúkọ wa yóò wà lókè rẹ̀. Mo bi káfíńtà kan pé èló ni yóò gbà láti tún òrùlé yàrá iṣẹ́ ọnà ṣe, kó fi fèrèsé àti tábìlì mẹ́jọ kún un. Iye tó pè kò tó ìdá mẹ́rin owó géètì. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ti fún akápò ní ẹ̀dà kan. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kun mọ́tò ní Ìlọrin ní òun á máa wá lọ́jọ́ Sátidé méjì lóṣù, láìgba kọ́bọ̀, títí ìjọba yóò fi gbé olùkọ́ wá. Ó ní kí ilẹ̀kùn ṣáà ti ṣí.

Mo bá àwòrán tirẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Òrùlé ni. Mo tẹ̀ ẹ́ ní gígùn, mo fi gíláàsì bò ó, mo sì gbé e kọ́ sára ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, ní apá ọ̀tún ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń bu ìrẹsì. Ọ̀rẹ́ mi náà wà láàárín yín, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó máa fi hàn yín.